ÌYÁRA ÌRÁNTÍ KỌ̀ǸPÚTÀ: ÈWO NI KÍ ẸNI TÍ Ó Ń TO Ẹ̀RỌ TIRẸ̀ RÀ?

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ènìyàn lè ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Nígbà tí ó bá kan ìrántí ẹ̀rọ náà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní RAM, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀. Apá kan a wí pé èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ ga jùlọ ni kí a rà, bí ó tilẹ̀ máa gba gbogbo owó ọwọ́ wa. Apá kejì a ní ẹ̀tàn àwọn oníṣòwò ni gbogbo nọ́ḿbà wọ̀nyí, pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìrántí kan àti òmíràn. Lójú tiwa, apá méjèèjì ni ó di òtítọ́ díẹ̀ mú, kò sì sí èyí tí ó di gbogbo rẹ̀ mú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹsẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ ní kíláàsì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni èyí fún ẹni tí yóò di olùkọ́. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti fi ìdánwò orí ìwé sílẹ̀ pátápátá, tí ó fi jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń ṣe é. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì tí kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ìbéèrè àti ẹ̀rù ẹ̀rọ ni yóò jọ dojú kọ ọ́. Bí àwọn òbí bá wá dá owó jọ kí ilé ẹ̀kọ́ wọn lè ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, olùkọ́ ni wọn yóò bi léèrè pé, "Tíṣà, èwo ni kí a rà?" Owó iṣu àti owó kòkó ni owó bẹ́ẹ̀. Láti ìdajì kejì ọdún 2025 sì ni owó ìrántí ti gbéra sókè káàkiri ayé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń kọ́ ẹ̀rọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń rà á lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi owó ná ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò rọrùn fún un láti tún òmíràn rà.

1. OHUN TÍ ÌRÁNTÍ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi iyán gígún ṣe àpèjúwe, nítorí kò sí ọmọ Èkìtì tí iyán ṣàjèjì sí. Ẹ̀yà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní CPU. Òun ni ẹni tí ó di ọmọ odó mú tí ó ń gún. Ibi tí a ń tọ́jú ìwé àti àwòrán pamọ́ sí, yálà SSD tàbí hard disk, òun ni àká iṣu tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ìrántí ni àwo iṣu sísè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó tì í tí ó ń mú iṣu sínú odó.

Láti inú àpèjúwe yìí, ohun mẹ́ta hàn kedere. Èkínní, bí ẹni tí ń gún bá jẹ́ ọ̀lẹ, ọwọ́ yíyá ẹni tí ń mú iṣu sínú odó kò wúlò púpọ̀. Èkejì, bí ẹni tí ń gún bá lágbára tí ọwọ́ ẹni tí ń mú iṣu kò sì yá, ọmọ odó yóò máa dúró lókè láìrí ohun tí yóò gún. Ẹ̀kẹta, bí àwo náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti máa sáré lọ sínú àká nígbà gbogbo, kò sí ọwọ́ yíyá tí ó lè wo àrùn náà sàn. Ẹni tí ó bá fi ohun mẹ́ta wọ̀nyí sọ́kàn ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

2. ÌTUMỌ̀ NỌ́ḾBÀ ARA RẸ̀

Lára awẹ́ ìrántí kọ̀ọ̀kan ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ bí DDR4-3200 tàbí DDR5-6000. DDR4 tàbí DDR5 ni orúkọ ìran rẹ̀. Nọ́ḿbà tí ó tẹ̀lé e sọ iye ìgbà tí ó lè gbé ẹrù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a fi mílíọ̀nù kà. Nítorí náà 3200 túmọ̀ sí ìgbà 3,200 mílíọ̀nù.

Ibí yìí ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Aago inú ìrántí náà kò lù ju ìgbà 1,600 mílíọ̀nù lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ní ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń gbé ẹrù, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ìlù náà ń gòkè, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Òun ni ìdí tí wọn fi ń pè é ní DDR, nítorí ìlọ́po méjì ni. Bí ènìyàn bá ra DDR4-3200 ní Ọ̀tigbà ní Ìkẹjà, tí ó dé ilé tí ó fi CPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò, 1600 ni yóò rí. Kí ó má ṣe tìtorí èyí wọ ọkọ̀ padà sí Èkó láti lọ bá ọlọ́jà jà. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Kí ó sọ 1600 di ìlọ́po méjì, yóò sì rí 3200 rẹ̀ gbà.

Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìrántí bá gbé ẹrù, báìtì 8 ni ó ń gbé. Bí a bá fi 8 sọ 3,200 di púpọ̀, a ó rí 25,600, èyíinì ni iye mẹ́gábáìtì tí awẹ́ kan lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà ni 25600 tí a ń rí tí wọn kọ sí ara awẹ́ mìíràn lẹ́yìn lẹ́tà PC4. Awẹ́ tí a kọ PC4-25600 sí àti awẹ́ tí a kọ DDR4-3200 sí, ọ̀kan náà ni wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a ta èkínní fún òun ní ọ̀wọ́n nítorí pé nọ́ḿbà rẹ̀ tóbi lójú.

3. ÌDÚRÓ KÍ Ó TÓ DÁHÙN

Nọ́ḿbà kejì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Òun ni èyí tí a ń kọ CL ṣáájú rẹ̀, bí CL16 tàbí CL40. Ó ń sọ iye ìlù aago tí ìrántí yóò fi dúró lẹ́yìn tí CPU bá ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń fa ìdúró, ṣùgbọ́n òun ni a lè fi wọ̀n ọ́n ní ọjà láìsí ìyọnu.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fi 2,000 sọ CL di púpọ̀, kí o sì fi ìyára ìrántí náà pín in. Ohun tí o bá rí ni iye nanosecond tí ó fi ń dúró. Nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe mẹ́rin wò:

DDR4-3200 CL16: 10.
DDR4-3600 CL18: 10.
DDR5-4800 CL40: 16.7.
DDR5-6000 CL30: 10.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí! DDR4-3200 àti DDR4-3600 tí a kọ sílẹ̀ yìí, ìdúró wọn kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ. DDR5-4800 tí ó jẹ́ ọmọ ìran tuntun tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dáhùn ju DDR4 méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dáhùn tán, ẹrù tí ó ń gbé pọ̀ ju tiwọn lọ, nítorí mẹ́gábáìtì 38,400 ni awẹ́ rẹ̀ kan ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ẹni tí ó ń ti Ìyìn lọ sí Adó. Ọ̀kadà yóò gbéra lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àpò iṣu kan ni yóò gbé. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò dúró díẹ̀ kí ó tó ṣí, ṣùgbọ́n yóò kó gbogbo ẹrù ọjà lọ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni ó sàn jù nínú méjèèjì? Ẹrù tí ènìyàn fẹ́ kó ni yóò sọ. Nítorí náà, nígbà tí awẹ́ méjì bá ní ìyára kan náà, kí a mú èyí tí CL rẹ̀ kéré, bí owó wọn kò bá jìnnà síra.

4. AWẸ́ MÉJÌ SÀN JU Ẹ̀YỌ KAN LỌ

Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìyára, òun sì ni àwọn tí ń jà nítorí nọ́ḿbà ń gbàgbé. CPU inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀nà méjì sí ìrántí. Bí a bá fi awẹ́ kan ṣoṣo sí i, ọ̀nà kan ni yóò máa lò, ìkejì yóò sì wà lásán. Bí a bá fi méjì tí wọn bá ara wọn dọ́gba sí i, ní àyè tí ó tọ́, ọ̀nà méjèèjì yóò ṣí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Awẹ́ kan ti DDR4-3600 ń gbé mẹ́gábáìtì 28,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awẹ́ méjì ti DDR4-2400, tí gbogbo ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ń gbé 38,400. Àwọn méjì tí ó lọ́ra ti borí ẹyọ kan tí ó yára! Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gígábáìtì 16, kí ó ra 8 méjì, kí ó má ṣe ra 16 kan ṣoṣo. Lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù tí ó ní àyè mẹ́rin, àyè kejì àti ìkẹrin, bí a bá kà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ CPU, ni a sábà máa ń fi awẹ́ méjì sí. Kí olúkúlùkù wo ìwé tí ó bá mọ́dàbọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé mẹ́rin yóò sàn ju méjì lọ bákan náà. Ọ̀nà kò ju méjì lọ, ẹrù sì ń wúwo sí i lára CPU. Ìlànà AMD fún Ryzen 7000 fi èyí hàn: DDR5-5200 ni wọn fọwọ́ sí fún awẹ́ méjì, ṣùgbọ́n bí ó bá di mẹ́rin, ó já sí DDR5-3600.

5. ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Kò sí ìran ìrántí kan tí ó lè wọ àyè ìran mìíràn. JEDEC, àjọ tí ń ṣe òfin fún àwọn tí ń ṣe ìrántí, ni ó gbé ìlànà DDR3 jáde ní 2007, ti DDR4 ní 2012, àti ti DDR5 ní 2020. Ibi tí wọn gé sí ìdí awẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ láti ìran dé ìran, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi agbára ti ọ̀kan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù AM4 ti AMD ń lo DDR4. AM5 tí ó jáde ní 2022 ń lo DDR5 nìkan. Ti Intel tí à ń pè ní LGA1700, òmíràn ń lo DDR4, òmíràn ń lo DDR5; ara mọ́dàbọ́ọ̀dù ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yà tí ó lọ́ra jùlọ ni gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé. Bí a bá fi awẹ́ 3200 àti awẹ́ 2666 pọ̀, 2666 ni àwọn méjèèjì yóò máa sáré. Bí a bá fi DDR4-3600 sí mọ́dàbọ́ọ̀dù H610 ti Intel, kò ní kọjá 3200, nítorí pé H610 kò gbà kí a mú ìrántí kọjá ìwọ̀n tí a fọwọ́ sí fún CPU. Owó tí a fi ra 400 tí ó kù ti di omi tí ó dà sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa ọ̀pọ̀ lára láìmọ̀. Ìrántí tí a kọ 3600 tàbí 6000 sí kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ẹ̀rọ. Ìwọ̀n kékeré tí ó dájú ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, bí 2133 tàbí 2666 fún DDR4, tàbí 4800 fún DDR5. Olúwa rẹ̀ ní láti wọ inú BIOS kí ó sì tan ohun tí à ń pè ní XMP. Nínú ẹ̀rọ AMD ti AM5, EXPO ni orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tan án ti ra ẹṣin, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

6. TA NI Ó NÍ ÌLÒ ÌYÁRA?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ń béèrè ìyára. Ẹni tí ó ń tẹ ìwé, tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ máàkì, tí ó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ọmọ tí ó ń fi ìbéèrè JAMB dánra wò, kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín 2666 àti 3200. Ní ti àwọn wọ̀nyí, apá kejì nínú àríyànjiyàn wa ni ó jàre.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, tí ó jẹ́ pé àwòrán inú CPU ni ó gbójú lé, bí ti Ryzen 5 5600G, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Irú CPU bẹ́ẹ̀ kò ní ìrántí àwòrán tirẹ̀; inú àwo kan náà ni òun àti iṣẹ́ àwòrán ti jọ ń jẹun. Níhìn-ín, awẹ́ méjì àti ìyára tí ó dára ń mú kí eré orí ẹ̀rọ àti iṣẹ́ fídíò rìn geere, ojú lásán sì lè rí i. Ẹni tí ó ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀ yóò jèrè nínú ìyára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èrè náà kò tó ti àkọ́kọ́.

Ibi tí èrè ti ń dínkù sì wà. Lórí AM4, láàárín 3200 àti 3600 ni ọgbọ́n wà. Lórí AM5, 6000 pẹ̀lú CL30 tàbí CL36 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń yàn. Ìdí rẹ̀ ni pé títí dé àyíká ibẹ̀ ni ẹ̀yà inú CPU tí ń ṣàkóso ìrántí lè bá aago ìrántí rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí a bá kọjá rẹ̀, òun lè fà sẹ́yìn sí ìdajì, owó yóò sì pọ̀ ju èrè lọ.

7. KÍ ÀWO KÚN NÁ

A ti sọ pé kò sí ọwọ́ yíyá tí ó lè wo àwo kékeré sàn. Nígbà tí ìrántí bá kún, kọ̀ǹpútà a bẹ̀rẹ̀ sí í fi SSD tàbí hard disk ṣe àfikún, àwọn wọ̀nyí sì lọ́ra ju ìrántí lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Nítorí náà, bí owó bá jẹ́ kí a yan ọ̀kan nínú gígábáìtì 8 tí ó yára púpọ̀ àti 16 tí ìyára rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí a mú 16. Fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lásán, 8 lè tó. Fún ẹni tí ń to ẹ̀rọ tuntun fún ara rẹ̀, 16 ni kí ó kà sí ìpìlẹ̀.

Kí a má sì ṣe sanwó nítorí iná aláràbarà tí ń tàn lára awẹ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Samsung, SK Hynix àti Micron, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú ohun tí ó wà nínú awẹ́ wọ̀nyí, orúkọ yòówù kí a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Iná kò fi ohunkóhun kún ìyára.

8. ÌDÁNWÒ ṢÁÁJÚ ÌGBẸ́KẸ̀LÉ

Bí a bá ti tan XMP tàbí EXPO, a ti mú ẹ̀rọ kọjá ìwọ̀n tí JEDEC fi lélẹ̀. Agbára iná tí ó ń gbà sì sábà máa ń ga sí i, bí kí DDR4 kúrò ní 1.2 fóòtì sí 1.35. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń dára. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ a máa kú lójijì, tàbí kí ó ṣe ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ó máa yí nọ́ḿbà padà ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ojúgbà wa: ìwé máàkì ọmọ 40, tí 68 ti di 60 nínú rẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ọmọ náà yóò sunkún, olùkọ́ yóò sì fi orí Bíbélì búra pé òótọ́ ni òun kọ.

Nítorí náà, kí a fi Memtest86+ dán ìrántí wò kí a tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, orí flash ni a ti ń tan án. Ó ń fẹ́ wákàtí púpọ̀. Nítorí èyí, kí a ṣe é ní ọjọ́ tí iná bá dúró, tàbí kí a pèsè sóólà tàbí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Bí a bá rí i, kí a dín ìyára náà kù ní ipele kan, kí a tún dán an wò. Bí ó bá tún kọ̀ nígbà tí a ti dá a padà sí ìwọ̀n JEDEC, awẹ́ náà ni kò dára. Kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

9. ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

Àkọ́kọ́: ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìyìn fẹ́ ra ògbólógbòó ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí ó ti òkèèrè wá, tí ó ń lo DDR3-1600. Kí wọn má ṣe lépa ìyára rárá. Kí wọn fi 4 méjì sí i kí ó di 8, kí wọn sì fi owó tí ó kù ra SSD. Àwọn ọmọ yóò dúpẹ́.

Èkejì: akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi Ryzen 5 5600G to ẹ̀rọ, kò sì ní owó káàdì àwòrán. Kí ó ra DDR4-3200 CL16, awẹ́ 8 méjì. Bí 3600 CL18 bá jẹ́ iye kan náà, kí ó mú un. Bí ó bá wọ́n jù, kí ó fi sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ fẹ́ AM5. Kí ó ra DDR5-6000, awẹ́ 16 méjì tí a dì pọ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí wọn sì kọ EXPO sí.

10. ÌPARÍ

Ní àkótán, báyìí ni kí olùkọ́ dáhùn nígbà tí a bá bi í. Kí a kọ́kọ́ mọ ìran tí mọ́dàbọ́ọ̀dù ń gbà. Kí a ra ìwọ̀n tí ó tó iṣẹ́ wa. Kí a pín in sí awẹ́ méjì tí ó dọ́gba. Kí a wá wo ìyára, dé ibi tí CPU lè gbé e dé, kí a má ṣe kọjá rẹ̀. Kí a wo CL. Kí a tan XMP tàbí EXPO. Kí a sì dán an wò. Ìyára ni ìkẹrin nínú méje. Ẹni tí ó bá fi í ṣe àkọ́kọ́ ti gun igi láti orí ewé. Àwọn ojúgbà wa tí wọn bá ní ìṣirò tí ó tako èyí tí a ṣe, kí wọn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú. Inú wa yóò dùn láti kà á.